Orúkọ Tó Ń Gbé Ẹsẹ̀ Kúrò Lórí Bíréèkì

Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Zulkifli lẹ́ran láyà dáadáa, ọrùn rẹ̀ tó ti akọ màlúù, bẹ́ẹ̀ ni owú rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ. Bóyá àwọn àgbà kò tíì dé Énúgù nígbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi ni Alárápé. Rẹ́wáyà ni mí, iná mọ́tò ni mo ń tún ṣe. Ọgbà kan náà ni èmi àti Zulkifli jọ ń lò ní Uwani láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Bíréèkì ni iṣẹ́ tirẹ̀, owú jíjẹ ló sì fi ń ṣe àfikún.

Uwani yìí náà ni wọ́n bí i sí. Ṣakí ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, bàbá rẹ̀ a máa rán fìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí. Nígbà tí ó tó iṣẹ́ kọ́, wọ́n fà á lé bàbá Ìgbò kan lọ́wọ́. Bàbá náà kò gbọ́ Òyìnbó, kò gbọ́ pijin, ẹ má tilẹ̀ dárúkọ Yorùbá sí i. Gbogbo ohun tí Zulkifli mọ̀ nípa bíréèkì, èdè Ìgbò ló bá wọ orí rẹ̀. Títí dòní, Lárúbáwá ló fi ń kírun, Yorùbá ló fi ń jà, ṣùgbọ́n bó bá ti wọ abẹ́ mọ́tò, tí ọ́ìlì ta sí i lójú, Ìgbò ni yóò máa ti ẹnu rẹ̀ jáde. Òun fúnra rẹ̀ kì í mọ̀. Mo ti bi í rí pé kí ló ń wí lábẹ́ yẹn, ó ní òun kò wí nǹkan kan.

Lọ́dún tó kọjá, ó lọ fẹ́ Khàdíjàh wá láti Ṣakí. Ọmọbìnrin náà dúdú, ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì mọ ọbẹ̀ sè. Kí n má purọ́, èmi náà jowú. Ìyàwó tèmi wà ní Ṣakí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la ń fojú kan ara wa, búrẹ́dì gbígbẹ ni mo ń jẹ lọ́sàn-án nígbà tí òórùn ọbẹ̀ ilé Zulkifli bá ń fẹ́ sí mi nímú. Ọlọ́run ṣe é lóore tí kò mọ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó gan-an, ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ rọra fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀ o. Ojú ọmọ yẹn ti rí nǹkan lọ́wọ́ Jídé."

Tíṣà kan ni Jídé. Ọdún mẹ́ta ló fi fẹ́ Khàdíjàh sọ́nà. Nígbà tó yá, ó lọ wá iṣẹ́ ní Kútọnu, ó gbé ibẹ̀ fẹ́ ẹlòmíràn, kò tilẹ̀ ránṣẹ́ pé ó dìgbóṣe. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹlòmíràn ìbá dúpẹ́ pé Jídé gọ̀. Zulkifli ní tirẹ̀ di Jídé mọ́ ẹrù ìyàwó, ó gbé e wá sí Énúgù.

Ó wá ń jowú ọkùnrin tí kò rí rí. Bí Khàdíjàh bá dákẹ́, Jídé ló ń rò. Bó bá rẹ́rìn-ín, Jídé ló rántí. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, a jẹ́ pé bí Jídé ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, èmi àti ẹ̀ fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé, ó rí i pé wọ́n kọ JIDEOFOR gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ló bá ní òun kò wọ̀ ọ́. Orúkọ Ìgbò ni, ó sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó ní lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn ti tó òun. Ẹsẹ̀ la fi rìn délé nínú oòrùn, inú sì bí mi débi pé n kò kí i dáadáa fún ọjọ́ méjì.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ náà gún obìnrin náà lára. "Lọ bi Jídé." "Ṣé Jídé ló kọ́ ẹ?" Khàdíjàh fara dà á fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Bàbá rẹ̀ pe Alfa wa ní Uwani, Alfa sì pe àwa díẹ̀ tí a mọ̀ wọ́n jọ sí mọ́sáláṣí. Níbẹ̀ ni Zulkifli ti gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì, ó búra pé ìyàwó òun kò ní í gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu òun mọ́ láé. Wọ́n ṣí fóònù sókè kí gbogbo wa lè gbọ́ ohùn bàbá ìyàwó. Ó ní, "Khàdíjàh, ọjọ́ tí o bá tún gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, má bá a jà, má bi í ní ìdí. Di ẹrù rẹ kí o máa bọ̀ nílé." Khàdíjàh ní, "Mo gbọ́, bàbá mi." Mo wo ojú rẹ̀. Ojú ẹni tó máa ń ṣe ohun tó bá sọ ni.

Zulkifli pa ìbúra rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ojú ló kù fún un. Ó ní kí ìyàwó òun máa bá òun wá sí ọgbà lójoojúmọ́, pé iṣẹ́ pọ̀, pé Mark tó ń bá òun ṣiṣẹ́ ti gba fíríìdọ̀mù, ó ti lọ dá dúró. Òótọ́ ni pé Mark ti lọ. Irọ́ ni pé iṣẹ́ pọ̀. Kò kàn fẹ́ kí Khàdíjàh wà níbi tí ojú òun kò ní tó o ni.

Bí Khàdíjàh ṣe wà ní ọgbà wa nìyẹn lọ́jọ́ Ajé tí Sandra gbé Corolla rẹ̀ wá. GRA ni Sandra ń gbé. Àbúrò rẹ̀ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní òtẹ́ẹ̀lì létí Nike Lake lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mọ́tò yẹn ni wọn yóò fi gbé ìyàwó, bíréèkì rẹ̀ sì ń ké. Zulkifli pààrọ̀ páàdì, ó tún pààrọ̀ rọ́bà méjì tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí táyà iwájú, nítorí pé wọ́n ti ń sán.

Ẹni tó bá tú rọ́bà bíréèkì, afẹ́fẹ́ á wọ inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn sì gbọ́dọ̀ jáde. Bí kò bá jáde, ẹsẹ̀ awakọ̀ á kàn máa rì ni. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹnì kan á jókòó nínú mọ́tò, á tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò ní í gbé ẹsẹ̀. Ẹnì kejì tó wà lábẹ́ á tú nọ́ọ̀tì kékeré kan lẹ́yìn táyà, ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ á tú jáde, á sì tètè dì í padà. Bí ẹni òkè bá gbé ẹsẹ̀ kí nọ́ọ̀tì tó dì, afẹ́fẹ́ á tún fà wọlé, asán ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹni tó wà lábẹ́ kò rí ẹsẹ̀ ẹni tó wà lókè. Ó kàn gbọ́dọ̀ gbà á gbọ́ ni, ohun tí Zulkifli kò sì mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

N kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tí Khàdíjàh kọ́kọ́ bá a tẹ bíréèkì. Mo lọ ra wáyà. Nígbà tí mo dé, Zulkifli ti wà nínú mọ́tò, ó ń tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rì bí ẹni tó ń tẹ tìmùtìmù. Ó ní yóò le bó bá rìn díẹ̀. Sandra gbé e jáde, kò pẹ́ ló padà dé.

"Oga Zulu, this brake dey enter ground o. For that slope for GRA, I press am, e go down finish before motor stop. You wan kill bride?"

Zulkifli bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fi àkísà nu ẹ̀yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tẹ́ páálí sílẹ̀ lábẹ́ wọn láti wò ó bóyá ọ́ìlì ń jò. Kò jò. Ó wo ike ọ́ìlì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó kún. Ó ní kí Khàdíjàh tún wọlé, wọ́n tún tú afẹ́fẹ́ jáde. Mo ń gbọ́ ariwo rẹ̀ láti abẹ́ bọ́ọ̀sì tí mo ń ṣe, n kò fetí sí i. Bíréèkì náà ṣì ń rì.

Ó ní, "Másítà tó ń ti ọ́ìlì ló ti kú."

Mo ní, "Másítà kọ́. Bó o bá tẹ̀ ẹ́ léraléra, ó ń le. Bó o bá sinmi, ó tún rọ̀. Afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀."

"Mo ti tú u lẹ́ẹ̀mejì, Alárápé. Ibo ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé?"

N kò mọ̀. Ó jókòó tì mí, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní láti ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni Khàdíjàh kò ti bá òun jẹun mọ́. Bí òun bá sọ̀rọ̀, yóò dáhùn, ṣùgbọ́n kò ní í wo ojú òun.

Ó ní, "Ọkàn rẹ̀ kò sí nínú mọ́tò yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, mo rí i. Ẹnì kan ló ń rò."

"Ta ni?"

"O mọ̀ ọ́n."

"Dárúkọ rẹ̀."

"Mo ti búra."

Mo sọ fún un pé ó ya wèrè. Kò bínú. Ojú rẹ̀ wà lára ìyàwó rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tó jókòó sí tó ń ṣa ẹ̀wà, ó sì ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ti jà lólè.

Lọ́jọ́ Rú, Khàdíjàh gbé àpò onílà pupa àti bulúù wá sí ọgbà. Ó kún dẹ́ńdẹ́, síìpù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má pa dé. Zulkifli bi í pé kí ló wà níbẹ̀, ó ní aṣọ ni. Zulkifli fà mí lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Ó ń lọ bá a."

"Bá ta ni?"

"Ní Kútọnu. Ó ti pè é. Mo mọ̀ pé ó ti pè é."

Mo ní, "Zulkifli, ọkùnrin yẹn ti níyàwó, ó ti lè bímọ méjì. Kí ni yóò fi tìẹ ṣe?" Kò gbọ́. Owú ti di í létí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ó sì tún wù mí kí n fi ẹ̀mú tí mo fi ń gé wáyà gbá a lórí.

Sandra ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo aago. Khàdíjàh ló dìde fúnra rẹ̀, ó wọ inú mọ́tò, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká parí ti màdáámù yìí, ẹ̀mí èèyàn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ." Bí ẹni pé wọ́n ka ìwé ẹjọ́ sí Zulkifli létí. Ó gbé sípánà, ó wọ abẹ́ mọ́tò.

Sandra ní kí n bá òun yẹ iná bíréèkì wò kí wọ́n tó tẹnu bọ iṣẹ́ wọn, pé ọ̀kan kò tàn. Mo pààrọ̀ gílóòbù rẹ̀, mo dúró sí ẹ̀yìn mọ́tò kí n lè rí i bóyá ó dára. Bí ẹsẹ̀ bá wà lórí bíréèkì, iná á tàn. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò, á kú. Gbogbo ohun tí mo ń wò kò ju ìyẹn lọ.

Zulkifli pariwo láti abẹ́ táyà ẹ̀yìn, "Tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀ ẹ́." Iná tàn, ó kú, ó tàn, ó kú, ó tàn, ó dúró. Ó dára. Mo gbọ́ tí sípánà yí, mo gbọ́ tí ọ́ìlì tú jáde sí i lára, ló bá kígbe, "Jide! Jide!"

Iná kú.

Mo rò pé gílóòbù ni. Mo fi ọwọ́ gbá a. Ó tún tàn. "Tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀ ẹ́. Jide! Jide, jide!" Ó tún kú. Mo wo wáyà, wáyà dára. Nígbà kẹta tí ó kígbe tí iná kú, n kò wo wáyà mọ́. Mo yí sí ẹnu ilẹ̀kùn, mo wo ẹsẹ̀ Khàdíjàh. Ó ti fò kúrò lórí bíréèkì bí ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ ẹ̀yín iná. Omi ti kún ojú rẹ̀, ó ń wo ọ̀ọ́kán.

Orí mi wú. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ní èdè Ìgbò, bí wọ́n bá ní jide, wọ́n ń sọ pé kí èèyàn dì í mú. Ohùn rẹ̀ àti ti orúkọ Yorùbá kò bára mu tán, ṣùgbọ́n ẹni tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò tó ń pariwo, ta ni yóò máa wá àmì ohùn lẹ́nu rẹ̀?

Mo ní, "Zulkifli, jáde."

"Mò ń ṣiṣẹ́."

"Jáde kí o tó lé ìyàwó rẹ lọ sí Ṣakí."

Ó yọ jáde, ọ́ìlì ń ṣàn lágbọ̀n rẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń kígbe. Ó ní òun ní kó dì í mú ni. Mo ní ní èdè wo? Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń padà wọ etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Ó di orí mú.

Sandra wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "He say jide na. Wetin happen?"

Khàdíjàh yọ orí jáde. "Madam, abeg, wetin be jide?"

"Jide na hold. Hold am well, no leave am."

Khàdíjàh sọ ọ́ ní Yorùbá sí ara rẹ̀, jẹ́jẹ́. "Dì í mú dáadáa, má fi í sílẹ̀." Ó wo àpò rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń gbọ́ ọ. Mo rò pé ẹ ti gbàgbé ìbúra yín ni, tàbí pé ẹ fẹ́ kí n máa lọ, ẹ kò sì lè wí i. Bàbá mi ní kí n má bèèrè. Mo ti di ẹrù."

"Wàláhì, n kò mọ̀ pé ó ń ti ẹnu mi jáde," ni Zulkifli wí. "Èdè ọ̀gá mi ni." Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ibi tó yẹ kó parí sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí òjòwú jẹ́ fún yín. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé rẹ̀ padà fún un ni o. Ó nu ojú, mo rí i tí iwájú orí rẹ̀ ká jọ, ó ní, "Kí ló wá dé tó jẹ́ pé bó o bá ti gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ á gbé?"

Ẹ̀mú wà lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run ló kó mi yọ.

Khàdíjàh kò gbójú kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rù ni. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ilé mi tú. Kì í ṣe torí tirẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ṣe ń gbọ̀n. Torí tiyín ni."

Khàdíjàh fa ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, ó gbé e lé bíréèkì.

"Ẹ padà sábẹ́ mọ́tò. Ẹ pè é."

"Mo búra, Khàdíjàh."

"Mo tú yín sílẹ̀. Ẹ pè é sókè kí gbogbo Uwani gbọ́. Bọ̀dá Alárápé, ẹ bá wa wo iná."

Ó wọ abẹ́ mọ́tò. Ní táyà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ kéré. "Jide." Iná tàn, kò mì. Nọ́ọ̀tì tú, ọ́ìlì pẹ̀lú hóhò afẹ́fẹ́ jáde, nọ́ọ̀tì dì, iná ṣì ń tàn pupa rúsúrúsú. "Fi sílẹ̀." Iná kú. Ní táyà kejì, ohùn rẹ̀ sókè. Nígbà tó dé táyà kẹrin, ó ń ké e bí ẹni tó ń pe àdúrà, àwọn tó ń kọjá lọ ń yọjú wò wá, ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ kò sì kúrò níbi tó wà. Zulkifli wọlé, ó tẹ bíréèkì. Ó le gbagidi. Sandra gbé e gun òkè GRA, ó sọ̀ kalẹ̀, ó pè lórí fóònù pé bíréèkì ti mú. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n gbé ìyàwó dé Nike Lake láìsí ewu. Zulkifli fúnra rẹ̀ ló ru àpò onílà náà padà sílé lọ́jọ́ Rú yẹn.

Ṣé ẹ rò pé ó ti fi owú sílẹ̀? Wọ́n ṣì jọ ń ṣiṣẹ́. Bó bá wà lábẹ́ mọ́tò, ó ń ké jide ju bí iṣẹ́ ṣe fẹ́ lọ, bó bá sì ti ké e, yóò bi mí pé, "Alárápé, iná ẹ̀yìn ń kọ́?" Èmi á ní ó ń tàn, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ títí dé táyà tó kàn. Mo ti di ẹlẹ́rìí ẹsẹ̀ obìnrin lọ́jọ́ ogbó mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé ògbólógbòó Camry kan wá. Ó ké jide, ó bi mí, mo wò ó, mo ní, "Kò tàn o."

N kò mọ bó ṣe yọ jáde. Mo kàn rí i lẹ́nu ilẹ̀kùn ni, sípánà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gbàgbé nọ́ọ̀tì ní títú, ọ́ìlì ń dà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Khàdíjàh jókòó síbẹ̀. Bíréèkì ti rì dé ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Ó wo ọkọ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀.

"Gílóòbù ló jó," ó ní. "Ẹ kò tíì ní kí n fi sílẹ̀."